Orógbó kì í ṣe ìbòmú: Bí èròjà inú oúnjẹ ṣe ń dáàbò bo ọpọlọ, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Ìdógun àti àwọn ìlú tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó, koríko kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ sinmi. Àgbàdo ń hù, ẹ̀gẹ́ ń hù, koríko náà ń hù. Owó àwọn tó ń bá èèyàn roko ti gun òkè, nítorí náà ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé táńkì kẹ́míkà kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń fín in láti àárọ̀ títí oòrùn á fi mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lo ìbòmú, wọn ò wọ ìbọ̀wọ́. Kò sì ṣòro láti rí ẹni tó máa ju orógbó sẹ́nu tó bá ṣe tán, torí ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé orógbó máa ń pa oró.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí kì í ṣe àsọdùn lásán. Àwọn onímọ̀ ní Fásitì Ìbàdàn ti yẹ orógbó wò, wọ́n sì rí i pé èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó lè dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì tó jọ ti ọpọlọ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa koríko. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àwo ní ilé àyẹ̀wò jìnnà sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára àgbẹ̀ lóko. Ẹni tí kò bá mọ bí ó ṣe jìnnà tó lè fi ọpọlọ ara rẹ̀ wéwu.

Iṣu tó dúdú, adá tó dípẹtà

Inú ilé ìdáná ni àlàyé ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Tí ìyá kan bá bó iṣu, tó gé e, tó fi í sílẹ̀ láìbu omi sí i, kò ní pẹ́ tí ojú iṣu náà á fi máa yí padà, á sì máa dúdú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jù ú sómi. Adá tó sun ìta nínú ìrì á dípẹtà. Epo tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ á yí òórùn padà. Ohun kan náà ló ń bá iṣu, adá àti epo jà: afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni, èyí tí gbogbo èèyàn ń mí sínú.

Ọ́síjìn ló ń mú iná jó. Láìsí i, èèyàn ò lè lo ìṣẹ́jú mélòó kan láyé. Àmọ́ bó ṣe ń gbé ẹ̀mí ró náà ló ń ba nǹkan jẹ́.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara, àwọn ohun tíńtìntín kan wà tí wọ́n ń pè ní mitochondria. Iṣẹ́ wọn dà bíi ti jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ń gba oúnjẹ tó ti dà, wọ́n ń fi ọ́síjìn jó o, agbára á sì jáde. Kò wá sí jẹnẹrétọ̀ tí kì í rú èéfín. Èéfín ti inú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn èròjà tí àwọn olóyìnbó ń pè ní free radicals. Jàǹdùkú gan-an ni orúkọ tó yẹ wọ́n.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú èròjà tó pé, electron máa ń wà ní méjì-méjì. Èròjà tí electron rẹ̀ ṣẹ́ ku ẹyọ kan kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Á já ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà. Ẹni tí wọ́n já tirẹ̀ gbà náà á di jàǹdùkú, òun náà á dojú kọ ẹlòmíràn. Bí ìjà ṣe máa ń ràn nínú ọjà nìyẹn. Ẹni méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó mọ̀, ìsọ̀ mẹ́wàá ti dojú dé.

Antioxidant ni ẹni tó wá là á. Ó ní electron tó lè fi tọrẹ, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní torí ẹ̀ di jàǹdùkú. Tó bá ti yọ̀ǹda rẹ̀, ìjà parí síbẹ̀. Gbogbo jàǹdùkú yìí kọ́ ló burú o, torí ara máa ń lo díẹ̀ nínú wọn láti pa kòkòrò àrùn. Wàhálà dé nígbà tí wọ́n bá pọ̀ ju àwọn tó ń là á lọ. Ìyẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní oxidative stress, tí èèyàn lè pè ní ìnira ọ́síjìn.

Ìdí tó fi jẹ́ ọpọlọ ló ń jìyà jù

Lákọ̀ọ́kọ́, ọpọlọ ń lo agbára púpọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 2 nínú 100 ìwọ̀n ara àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ń lo nǹkan bíi 20 nínú 100 ọ́síjìn tí ara ń lò nígbà tí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, èéfín ò ní ṣàì pọ̀ níbẹ̀.

Èkejì, ọ̀rá pọ̀ nínú ọpọlọ, pàápàá lára awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rá yìí jẹ́ irú èyí tó ń ṣàn bí òróró, tí kì í dì bí ọ̀rá màlúù. Irú rẹ̀ ló sì ń tètè bàjẹ́ tí ọ́síjìn bá kọlù ú. Tí awọ sẹ́ẹ̀lì bá ti bàjẹ́, ohun tó yẹ kó wà nínú á máa jò síta, ohun tí kò yẹ kó wọlé á máa wọlé.

Ẹ̀kẹta, irin wà nínú ọpọlọ, torí ó nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ tí irin bá jábọ́ kúrò níbi tí ara kó o pamọ́ sí, ńṣe ló máa ń sọ jàǹdùkú kékeré di ògbólógbòó.

Ẹ̀kẹrin, tí awọ ẹsẹ̀ bá bó, òmíràn á hù. Ti sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wà níbẹ̀ láti kékeré, èèyàn á sì máa lò wọ́n títí dọjọ́ alẹ́. Èyí tó bá kú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àrọ́pò fún un.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá yẹ ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn Alzheimer wò, èyí tó máa ń mú kí àgbàlagbà gbàgbé nǹkan títí dórí orúkọ ọmọ, tàbí ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn Parkinson, èyí tó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n tí ìrìn á sì wúwo, wọ́n máa ń bá àpá ìjà yìí níbẹ̀. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí èyí tó ṣáájú, ìjà ni tàbí àìsàn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jọ ń rìn pọ̀ ni.

Àwọn ọlọ́dẹ tí ara ní

Ọlọ́run ò dá ara sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́. Kí oúnjẹ tó dé rárá, ara ní àwọn ọlọ́dẹ tirẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ superoxide dismutase: òun ló ń kọ́kọ́ mú jàǹdùkú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Òmíràn ń jẹ́ catalase. Ẹ̀kẹta ni glutathione, tí ara ń fúnra rẹ̀ ṣe, tó sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì káàkiri.

Àwọn ọlọ́dẹ yìí náà ń jẹun. Zinc, copper, manganese àti selenium ni àwọn kan nínú wọn fi ń ṣiṣẹ́. Glutathione ní tirẹ̀ nílò èròjà amúaradàgbà tí sulphur wà nínú rẹ̀, èyí tó wà nínú ẹja, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà ní àárọ̀, tó ń jẹ ẹ̀bà ní alẹ́, tí ọbẹ̀ rẹ̀ ò rí ẹja tàbí ẹ̀wà, kò fún ọlọ́dẹ rẹ̀ lóúnjẹ.

Ìtàn kan wà nílẹ̀ Yorùbá tó fi èyí hàn. Ní àwọn ọdún 1960, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun láti Fásitì Ìbàdàn ṣe ìwádìí àìsàn kan tó ń bá àwọn èèyàn jà ní àwọn abúlé kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹsẹ̀ wọn ò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́, ojú wọn ń ṣókùnkùn, etí wọn ń di. Ohun tó rí ni pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbára lé jù, cyanide tó wà nínú ẹ̀gẹ́ wà lára wọn, irú èròjà amúaradàgbà tí sulphur wà nínú rẹ̀ sì kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èròjà yìí kan náà ni ara fi ń rọ cyanide lágbára. Oró yẹn yàtọ̀ sí ti jàǹdùkú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀: iṣan ara tí oúnjẹ rẹ̀ ò pé ò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí oúnjẹ ń ṣe

Lẹ́yìn àwọn ọlọ́dẹ yìí ni ìrànlọ́wọ́ tó ń wá láti ìta. Vitamin C ń ṣiṣẹ́ níbi tí omi wà, vitamin E níbi tí ọ̀rá wà. Tí vitamin E bá ti fi electron tirẹ̀ tọrẹ tán, vitamin C lè dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn wọn ni èròjà tó ń fún epo pupa, kárọ́ọ̀tì àti tàtàṣé ní àwọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí wọ́n ń pè ní polyphenol, tó pọ̀ nínú orógbó, obì, kòkó, tíì, àlùbọ́sà, ata àti ewé.

Ẹ̀rí tó lágbára pé iṣan ò lè wà láìsí ààbò yìí wá láti orílẹ̀-èdè Tùnísíà. Àwọn ìdílé kan wà níbẹ̀ tí ìrìn àwọn ọmọ wọn ń dàrú, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí. Láàárín 1993 sí 1995 ni àwọn onímọ̀ tú u fó pé àléébù kan ló wà nínú ohun tí wọ́n jogún, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ lè fi vitamin E ránṣẹ́ sí ara yòókù. Nígbà tí wọ́n fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ní vitamin E púpọ̀, àìsàn náà dúró lára ọ̀pọ̀ wọn, kò le sí i mọ́. Èyí tó bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ polyphenol gba sùúrù ju ti vitamin lọ. Nínú èyí téèyàn bá jẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ń dé ọpọlọ tún kéré sí i, torí ẹnubodè kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í gba gbogbo nǹkan láyè. Kì í ṣe pé ẹni tó jẹ orógbó ti rán ọmọ ogun lọ sínú ọpọlọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sọ báyìí ni pé iṣẹ́ agogo ni àwọn èròjà yìí ń ṣe. Ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ Nrf2. Tí èròjà ewéko bá ta á jí, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè glutathione àti àwọn ọlọ́dẹ yòókù sí i. Agogo yẹn kàn ń jí ọlọ́dẹ ni. Tí ọlọ́dẹ ò bá jẹun, tàbí tí olè bá pọ̀ ju ọlọ́dẹ lọ, agogo nìkan ò lè ṣe nǹkan kan.

Ìwádìí Àkúrẹ́ àti ti Ìbàdàn

Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ní Fásitì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FUTA, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ganiyu Oboh àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ewé, ata àti èso tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ní 2007, wọ́n gbé iṣẹ́ kan jáde pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Bùràsíìlì. Wọ́n mú ọpọlọ eku, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi irin sí i kí ọ̀rá inú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n da omi ata sí i. Ata rodo wà lára èyí tí wọ́n lò. Ìbàjẹ́ náà dín kù. Ní 2012, wọ́n ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú atalẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì jọra.

Ti orógbó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu ní Fásitì Nsukka kọ nípa bí èròjà inú orógbó ṣe ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Òun náà ni ẹni tó wá di alága àjọ INEC lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Àpapọ̀ èròjà náà ni wọ́n ń pè ní kolaviron. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Olatunde Farombi ní Fásitì Ìbàdàn wá gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ńlá, tó fi ń wo ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọpọlọ eku.

Ní 2011, Sunny Abarikwu àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Farombi, pẹ̀lú akẹgbẹ́ wọn kan láti Íńdíà, gbé sẹ́ẹ̀lì èèyàn kan kalẹ̀ tó jọ irú èyí tó ń kú nínú àìsàn Parkinson. Inú àwo ni wọ́n ti ń sìn ín. Wọ́n da atrazine lé e lórí. Atrazine ni kẹ́míkà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àgbàdo mọ̀. Jàǹdùkú pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì náà, ọ̀pọ̀ sì kú. Nínú èyí tí wọ́n fi kolaviron sí, ìbàjẹ́ náà dín kù.

Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà tó yẹ kí àgbẹ̀ rántí. Àkọ́kọ́, àwọn onímọ̀ náà fa kolaviron yọ nínú orógbó ni, wọ́n wọ̀n ọ́n. Orógbó tí wọ́n jẹ lẹ́nu kọ́. Èkejì, ńṣe ni wọ́n dà á lé sẹ́ẹ̀lì lórí tààrà. Kò gba ikùn kọjá, kò gba ẹ̀dọ̀ kọjá, kò pàdé ẹnubodè ọpọlọ. Ẹ̀kẹta, sẹ́ẹ̀lì inú àwo ò kì í ṣe èèyàn tó ti ń fín kẹ́míkà fún 20 ọdún.

Kẹ́míkà tó ń dá jàǹdùkú sílẹ̀

Kẹ́míkà tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù ni paraquat, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fẹ́ràn torí pé koríko á ti gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà pa koríko náà ló ń gbà pa èèyàn. Paraquat ń gba electron nínú sẹ́ẹ̀lì, ó ń gbé e fún ọ́síjìn, ọ́síjìn á di jàǹdùkú. Òun fúnra rẹ̀ kì í bàjẹ́. Á tún padà lọ gba òmíràn, á tún gbé e fún ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa lọ. Gbogbo ọlọ́dẹ inú ara á rẹ̀ tán, òun ò ní rẹ̀.

Tí ó bá wọ ikùn èèyàn, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ni ó ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ni kì í yè é. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń rọ̀ ọ́. Àwọn dókítà ti dán vitamin C, vitamin E àti àwọn antioxidant mìíràn wò fún àwọn tó gbé e mì, ẹ̀rí ò tíì fi hàn pé wọ́n ń gba ẹ̀mí là. Tí vitamin tí wọ́n fà sí iṣan ní ilé ìwòsàn ò bá ràn án, kí ni orógbó kan lẹ́nu fẹ́ ṣe?

Èyí tó ń wọ ara díẹ̀díẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan láàárín àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Iowa àti North Carolina, tí wọ́n gbé jáde ní 2011, fi hàn pé àwọn tó ti lo paraquat ní àìsàn Parkinson tó nǹkan bí ìlọ́po méjì àbọ̀ àwọn tí kò lò ó. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í fi ìdí múlẹ̀ tán pé òun ló fà á, àmọ́ ó tó ohun tó yẹ kó kó èèyàn láyà sókè.

Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 sí ti atrazine. Ẹni tí àṣẹ́kù rẹ̀ bá ṣì wà nílé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó, kò sì gbọ́dọ̀ dà á sódò. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó lọ bá.

Fún àwọn kẹ́míkà tí òfin ṣì gbà láyè, ààbò tó dájú ni pé kó má wọ ara rárá: ìbòmú tó yẹ, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàtà òjò, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Kí àgbẹ̀ má ṣe kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Kó má fi ọwọ́ lásán po ó. Tí ẹnu táńkì bá dí, kó má fi ẹnu fọn ọ́n. Kó má bu kẹ́míkà sínú ìgò ọtí tàbí ti omi, torí ọmọdé ò mọ ìyàtọ̀. Kó wẹ̀ kó tó gbé ọmọ, kí aṣọ oko má sì bá ti àwọn ará ilé pọ̀ nínú omi ìfọṣọ.

Ibí gan-an ni orógbó ti lè di wàhálà. Àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ táńkì, tí kò tíì fọwọ́, tó fi ìka kan náà bó orógbó tó sì jù ú sẹ́nu, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kẹ́míkà fún ikùn. Oró tó rò pé òun ń pa, ó ń jẹ ẹ́ ni.

Ti oníṣẹ́gun ìgò ńkọ́?

Àwọn tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ àti lọ́jà ti gbọ́ orúkọ antioxidant. Ìgò kan á ní òun ń wo rọpárọsẹ̀, òun ń wo ìgbàgbé, òun ń fọ ọpọlọ. Èrò wọn ni pé tí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ á dára jù. Ìwádìí ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Finland, àwọn onímọ̀ fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá, tí wọ́n lé ní 29,000, ní beta-carotene, vitamin E, àpapọ̀ wọn, tàbí oògùn asán. Nígbà tí àbájáde jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti pọ̀ sí i láàárín àwọn tó gba beta-carotene, kò dín kù. Ní Amẹ́ríkà ní 2014, vitamin E tó pọ̀ gan-an dín bí àìsàn Alzheimer ṣe ń le sí i kù díẹ̀ lára àwọn tó ti ní in, lábẹ́ ojú dókítà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún àwọn ọkùnrin tí kò tíì ní i ní vitamin E àti selenium fún ọdún púpọ̀, àbájáde 2017 fi hàn pé kò dènà rẹ̀. Vitamin E àpọ̀jù sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa tètè ya.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí wọ́n ti gbọ́ pé kòkó dára fún ọpọlọ. Èròjà rere wà nínú kòkó lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ń lọ nígbà tí wọ́n bá bò ó kó lè kan, òmíràn tún ń lọ nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ń ṣe é di ìyẹ̀fun. Ní 2022, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn àgbàlagbà tó lé ní 2,000 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èròjà kòkó tí wọ́n fà yọ ò mú ọpọlọ ṣiṣẹ́ dáadáa ju oògùn asán lọ. Ohun tó ran àwọn èèyàn náà lọ́wọ́ díẹ̀ ni oògùn vitamin lásán, èyí tí onírúurú èròjà wà nínú rẹ̀ níwọ̀nba. Ìwọ̀nba náà lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀rí láti Ìdíkàn

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie láti Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn adúláwọ̀ tó ń gbé ní ìlú Indianapolis. Ní 2001, wọ́n kéde pé nínú 100 àgbàlagbà, nǹkan bí 1.15 ló ń ní Alzheimer tuntun lọ́dún kan ní Ìbàdàn. Ti Indianapolis jẹ́ 2.52.

Kí ló fà á? Kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń wò, oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn yẹn ò ra antioxidant nínú ìgò. Ẹ̀fọ́, àmàlà àti ẹ̀wà ni wọ́n dàgbà bá, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn. Tí àwọn ọmọ wọn bá ti fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti oúnjẹ inú ọ̀rá rọ́pò ìyẹn, kò sí ìdánilójú pé iye yẹn á dúró síbẹ̀.

Ìkòkò ọbẹ̀ ni kí wọ́n tọ́jú

Ohun tó wà lọ́wọ́ gbogbo ilé ò wọ́n. Epo pupa ní èròjà aláwọ̀ àti irú vitamin E nínú. Ẹni tó bá yọ ọ́ títí tó fi di funfun ti lé èròjà aláwọ̀ náà lọ. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ pẹ́ nínú omi púpọ̀, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, ti pàdánù ọ̀pọ̀ vitamin C rẹ̀. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì dà á sọ́bẹ̀ nígbẹ̀yìn. Epo díẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà aláwọ̀. Ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni oúnjẹ ọlọ́dẹ. Ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ lẹ́yìn oúnjẹ á kún un. Orógbó kan tàbí méjì ò burú fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, lẹ́yìn tó bá fọwọ́. Ẹni tó ń lo oògùn dókítà kó béèrè lọ́wọ́ dókítà náà, torí orógbó lè dí oògùn kan lọ́wọ́.

Kí sìgá dínkù, kí èéfín ilé ìdáná rí ọ̀nà jáde, kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, antioxidant nìkan ò lè gbà á.

Bí àgbàlagbà kan bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ọ̀nà ilé, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tó ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgò ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ. Láti Ìdógun sí FMC tó wà ní Ọ̀wọ̀ ò jìnnà. Nígbà míì, àìtó vitamin B12, kókó ọrùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí oògùn tí kò bá ara mu ló fà á, èyí sì ṣeé tọ́jú.

Ní ti àgbẹ̀ tó ń lọ sóko lọ́la, kó jẹun kó tó jáde, kí ẹja wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, kó sì mú ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ dání. Orógbó lè dúró dè é nílé.